Awọ Mẹ́tàdínlógún Nínú Omi Eérú

Ọdún tí wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé kóòtù àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Wọ́n kó gbogbo ìwé inú àjà jáde, wọ́n sá wọn sórí ẹní nínú oòrùn, obìnrin àgbàlagbà kan sì wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri, tó ń wo ìdí ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo bi í ní ohun tó ń wá. Ó ní òǹtẹ̀ ìyá ìyá òun ni. Kó tó di ọ̀sán, ó rí i. Ìwé méjì ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, òǹtẹ̀ kan náà ló sì wà nídìí méjèèjì. Ó jókòó sórí òkúta, ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan ti sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí akódà kóòtù mú ìda pupa wá sí ọgbà awọ ni nǹkan yí padà.

Nígbà náà, kóòtù kò tíì pé ọdún mẹ́ta nílùú. Ààfin ṣì wà níbi tó wà, àwọn ìjòyè ṣì ń jókòó lórí ẹní wọn láràárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù àrán lọ́rùn, wọ́n ṣì ń parí ìjà tọkọtaya àti ìjà ààlà oko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù òkú ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ti wà nínú ilé olókùúta kan lẹ́bàá ọ̀nà àwọn èrò, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru ẹrù kọjá, níbi tí adájọ́ kan tí wọ́n rán wá láti ọ̀nà jíjìn ti ń wọ aṣọ dúdú tó wúwo nínú ooru.

Ọgbà awọ wà létí odò, níbi tí atẹ́gùn á ti gbé òórùn rẹ̀ kúrò nílùú. Kòtò mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ inú wọn títí ó fi ń dán bí inú ìkòkò. Omi eérú ló wà nínú kòtò mẹ́rin àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni awọ tútù ti ń jọ̀wọ́ irun rẹ̀ sílẹ̀. Omi èèpo igi ló wà nínú méjìlá tó kù, láti èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ títí dé èyí tó dúdú kirikiri. Bí awọ bá ti ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń di ohun tí omi kò ní lè bàjẹ́ mọ́.

Ìyàwó oníṣẹ́ awọ dúró lórí pákó lójú kòtò kẹta, ó ń ha irun awọ. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí ibà ti mú ọkọ rẹ̀ lọ. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lára rẹ̀, ó ká a dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ sì funfun dé ìgúnpá nítorí eérú. Ọdún méjìlélógún ló ti fi bá ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ó sì lè fi ìka kan ṣoṣo kan awọ kó sọ fún ọ pé ó ku ọjọ́ mélòó.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá," ni akódà wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín o. Ẹ kú àárọ̀, akódà. Bẹ́líìtì yẹn ti fẹ́ já. Ẹ bọ́ ọ, kí n bá yín rán an."

Akódà fọwọ́ bo bẹ́líìtì ara rẹ̀. "Kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ jáde síta."

Ìgbà tó jáde síta ni akódà ṣàlàyé fún un. Ẹni tó bá kú tí kò kọ ìwé ìpíngún sílẹ̀, kóòtù á ti ohun tó ní pa títí yóò fi yan ẹnì kan láti bójú tó o. Ìwé àṣẹ ogún ni kóòtù máa ń fún ẹni náà. Kí ìwé yẹn tó jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan jáde.

"Ta ló sọ fún kóòtù pé ọkọ mi kú?"

"Àbúrò ọkọ yín ló kọ̀wé lánàá. Ó ní òun ni kí wọ́n yàn."

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí eérú ò tíì ṣí lára rẹ̀ tán, ó wẹ̀yìn wo kòtò. "Akódà, ẹ gbọ́ mi. Awọ ewúrẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nínú omi èèpo, ojoojúmọ́ là ń yí wọn. Awọ màlúù mẹ́tàdínlógún ló wà nínú eérú. Olórí Èrò ló ní ká ṣe wọ́n fún gàárì àwọn ọmọ ogun. Èyí tó wà nínú eérú yìí, tó bá fi lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láti òní, ọbẹ̀ ló máa dà."

"Ìyá, tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ fún mi, ìda lẹ̀ ń sọ ọ́ fún."

Ó yọ́ ìda pupa náà lórí iná kékeré, ó dà á sórí ojú kọ́kọ́rọ́, ó sì tẹ èdìdì kóòtù mọ́ ọn. Ilé tí obìnrin náà ń sùn wà nínú ọgbà náà, a jẹ́ pé akódà ti ti òun náà mọ́ ìta. Aṣọ méjì, ọ̀bẹ ìhawọ kan, àti òǹtẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń tẹ àmì ọgbà sára awọ, ìyẹn nìkan ni akódà gbà kó mú jáde kó tó tì í. Ó sọdá lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti lè máa wo ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Onígègé, ọkùnrin tó máa ń bá ará ìlú kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kóòtù. Àpótí ni tábìlì rẹ̀, yíǹkì sì ti pa ìka rẹ̀ mẹ́ta láró.

"Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ àbúrò ọkọ mi kan ọgbà yẹn," ni obìnrin náà wí.

"Ìwé ìdádúró lẹ nílò nìyẹn. Bó bá ti wọlé, kóòtù ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ mọ́, àfi tí ẹni tó dá a dúró bá wá ṣàlàyé níwájú adájọ́, tàbí tó bá fà á jáde."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ti là á yé yín níbí, kó má baà dà yín láàmú bó ṣe dà á láàmú. Nínú iṣẹ́ awọ, bí èèyàn ò bá fẹ́ kí ẹlòmíì tọwọ́ bọ kòtò òun, okùn awọ ló máa ń ta ní kókó mọ́ ọ̀pá tó wà lójú kòtò náà. Gbogbo oníṣẹ́ awọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá kókó yẹn, àmọ́ ẹni tó ta á, tirẹ̀ ni, ó lè tú u kó sì tún un ta nígbà mẹ́wàá lóòjọ́. Ta ló máa ta kókó de ara rẹ̀? Nígbà tí Onígègé wí pé ẹnikẹ́ni, ohun tí obìnrin náà gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni àfi èmi. Onígègé kò purọ́ fún un. Obìnrin náà kò sì ṣàìgbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló bá a túmọ̀ rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń gbé?" ni Onígègé bi í.

"Nínú ọgbà awọ. Ibo ni mo tún ń gbé?"

Onígègé kọ ọgbà awọ sílẹ̀. Obìnrin náà tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i nídìí, ó gbé e lọ sójú fèrèsé kóòtù. Ní ọjọ́ kejì sí i, Onígègé tẹ̀lé àwọn èrò kan lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lókè, a kò sì rí i nínú ìtàn yìí mọ́.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ti ọgbà pa. Ẹṣin ló ń tọ́jú tó sì ń tà fún àwọn èrò, ọkùnrin gíga ni, ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. Nígbà tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ló ti sọ ọ́ ní Adúmáadán, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò tilẹ̀ tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tó fi ń pariwo.

"Ìyàwó wa! Jáde síta! Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi lọ dá mi dúró ní kóòtù? Wọn ò dárúkọ fún mi, ṣùgbọ́n ta ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ìwọ?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Adúmáadán. Kí lẹ fẹ́ fi ọgbà awọ ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di imú yín látẹnu ọ̀nà?"

"Mo ń dì í! Mi ò sọ pé mi ò dì í! Ta ló wá sọ fún ọ pé mo fẹ́ ẹ?"

"Ìwé yín ló sọ ọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹnì kan ló sọ fún òun ní ibùso ẹṣin pé ẹrù òkú tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè fún láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ti ìjọba ni. "Ìwọ ń sunkún lọ́wọ́. Mo ní kí n sáré bá ọ dì í mú kó tó bọ́. Bí mo ṣe dolè nìyẹn."

Obìnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti sin òkú. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

"Ìwọ náà ì bá ti bi mí."

Wọ́n jọ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Adúmáadán fa ìbéèrè tirẹ̀ jáde. Ó bá obìnrin náà kọ ìbéèrè tuntun sílẹ̀ lórúkọ obìnrin náà, òun sì tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Lójú àwọn méjèèjì, ìdádúró ọjọ́sí ti parí. Adúmáadán ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, Adúmáadán sì ti kúrò níbẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù ló gba ìwé náà. Lẹ́sẹẹsẹ ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí kò sí ohun tó máa ń ṣe tí kò ní tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀wù funfun tí ọrùn rẹ̀ le ló máa ń wọ̀, òwú ló sì fi so apá kan awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ó wo òǹtẹ̀ ìdí ìwé, ó wo obìnrin náà. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó wo ojú ewé kan nínú rẹ̀, ó tún wo obìnrin náà.

"Ó dá yín lójú, ìyá?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ mọ̀ pé ohun tó wà nílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀?"

Obìnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ òkú ọkọ òun ló ń bá òun sọ. Omi lé sí i lójú. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Lẹ́sẹẹsẹ tijú, ó tẹ orí ba, ó sì kọ nọ́ńbà sórí ìwé náà. Ó ní wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kóòtù fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí nǹkan ò sì sí, kó wá gba ìwé àṣẹ.

Obìnrin náà ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀. Mẹ́rin ti lọ. Mẹ́wàá á di mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àwọn awọ ewúrẹ́ á ti bàjẹ́ díẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n awọ màlúù ṣì máa jáde láàyè, Olórí Èrò á sì bá wọn nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó dúró lójú fèrèsé kóòtù kí wọ́n tó ṣí i.

"Kò lè jáde," ni Lẹ́sẹẹsẹ wí. "Ẹnì kan ti dá a dúró."

"Adúmáadán? Ìṣojú yín ló ṣe fa tirẹ̀ jáde!"

"Òun béèrè ni. Kò dá nǹkan kan dúró."

"Ta wá ni?"

"Òfin ò gbà kí n dárúkọ ẹni tó dá a dúró fún ẹni tó ń béèrè, àfi níwájú adájọ́."

Òfin yẹn kì í ṣe òfin lásán. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú Lẹ́sẹẹsẹ ti dárúkọ ẹnì kan rí, wọ́n lọ ká ẹni náà mọ́lé, wọ́n lù ú títí eyín fi jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì lé akọ̀wé náà kúrò níṣẹ́. Lẹ́sẹẹsẹ níyàwó, ó lọ́mọ mẹ́rin. Nígbà tí obìnrin yìí dúró síwájú rẹ̀ tó ń béèrè orúkọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èrò kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wá láti wò ó bóyá yóò ṣẹ̀.

"Ẹ ti fojú rí ẹni náà?" ni obìnrin náà bi í.

"Mo ti rí i."

"Ó mọ̀ mí?"

Lẹ́sẹẹsẹ yọ awò rẹ̀, ó nù ún. "Ó mọ̀ yín dáadáa."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bi ara yín!"

Obìnrin náà kà á sí èébú. Ó yí padà, ó ń lọ, kò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Ó rìn kọjá ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó rántí pé ibẹ̀ lòun ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni òórùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ọgbà. Òórùn tí ó mọ̀ kọ́. Òórùn awọ tó ń jẹrà ni.

Òfin sọ pé kí kóòtù fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹni tó dá nǹkan dúró, kí akódà fi lé e lọ́wọ́, kó wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ tí adájọ́ bá dá. Akódà kò mọ̀wé. Ohun tí Lẹ́sẹẹsẹ sọ fún un ni pé kó gbé e lọ fún ẹni tó ń gbé inú ọgbà awọ, torí ibi tí ẹni náà kọ sílẹ̀ nìyẹn. Òfin ò ní kí Lẹ́sẹẹsẹ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akódà lọ. Ó bá èdìdì ara rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta bí òfin ṣe wí, ó dúró. Obìnrin náà wò ó láti òdìkejì ọ̀nà, ó sọdá wá.

"Akódà, ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹni tó ń gbé inú ọgbà yìí."

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ tì í."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo tì í."

"Ta wá ló sọ pé òun ń gbé ibẹ̀?"

"Ẹni tí mo gbé ìwé wá fún."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Wọn ò sọ fún mi. Ibi tó ń gbé ni wọ́n sọ. Ìyá, ó ti sú èmi náà."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, ó tún kan ilẹ̀kùn. Ó wá lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà gbé omi fún un, ó mu ún, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ obìnrin náà lára. Ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó sọ fún kóòtù pé inú ọgbà awọ lòun ń gbé. Ta ló lè fi irú ìyẹn lérí bí kò ṣe obìnrin tí ọkọ òun fẹ́ pa mọ́? Ó pe Adúmáadán.

"Ẹ sọ fún mi, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín níyàwó níbòmíì?"

Ẹnu ya Adúmáadán. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ìgbà wo ló ráyè? Pẹ̀lú bí òórùn eérú yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lára tó, obìnrin wo ló máa gbà á sílé?"

"Èmi gbà á."

"Ìwọ náà ń rùn ún!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lọ wá èèpo igi tó sùn sọ́nà. Ọjọ́ mẹ́ta nígbà kan, márùn-ún nígbà mìíràn. Èèpo igi wo ló gba ọjọ́ márùn-ún? Fún ọdún méjìlélógún, kò ro irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ní báyìí gbogbo ìrìn náà tò síwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bi. Ó yẹ kó máa sunkún ọkọ rẹ̀. Ẹkún náà dúró. Bíńtín ló kù kó máa bá òkú jà lójú ọ̀nà.

Adájọ́ jókòó ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Èèyàn kún inú kóòtù, torí ìlú ti gbọ́ pé ẹlòmíì wà tó ń du ọgbà awọ, wọ́n sì fẹ́ rí i. Obìnrin náà wà láàárín wọn, ó ń wo ojú gbogbo obìnrin tó wọlé, ó ń wò bóyá yóò rí ẹni tó rẹwà jù ú lọ. Adúmáadán dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgba ẹṣin lọ́wọ́.

"Ẹni tó béèrè ìwé àṣẹ ogún oníṣẹ́ awọ, kó jáde!" ni akódà kígbe.

Ó jáde, ó dúró sápá ọ̀tún.

"Ẹni tó dá a dúró, kó jáde!"

Kò sẹ́ni tó jáde. Akódà kígbe lẹ́ẹ̀kejì, ó kígbe lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo èèyàn ń yí ọrùn.

"Ṣé ìwé ìpè dé ọwọ́ rẹ̀?" ni adájọ́ béèrè.

"Rárá, olúwa mi. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn wà ní títì, èdìdì sì wà lára rẹ̀."

"Ta ló fi èdìdì sí i?"

"Èmi ni, olúwa mi."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Adájọ́ fọwọ́ lu tábìlì, ó gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ Lẹ́sẹẹsẹ. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó gbé wọn súnmọ́ fèrèsé, ó fi wọ́n síra wọn.

"Ìyá, ẹ súnmọ́ ibí. Òǹtẹ̀ ta ni èyí?"

"Tèmi ni, olúwa mi. Òǹtẹ̀ ọgbà wa ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Tèmi náà ni. Èyí tí mo fi dá àbúrò ọkọ mi dúró nìyẹn. Ó ti fa tirẹ̀ jáde. A ti parí ìjà."

"Èyí ló dá yín dúró."

Obìnrin náà wò ó. "Olúwa mi, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Báwo ni màá ṣe dá ara mi dúró?"

"Ó dá gbogbo èèyàn dúró. Bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn."

"Gbogbo èèyàn yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín!" Ó yíjú sí àwọn tó jókòó, bíi pé ó ń wá oníṣẹ́ awọ kan láàárín wọn tí yóò bá a jẹ́rìí. "Bí mo bá ta okùn mọ́ kòtò mi, ṣé èmi náà ò ní lè ṣí kòtò ni?"

Lẹ́sẹẹsẹ tẹ orí ba sórí ìwé rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kò sẹ́ni tó rán obìnrin yìí sí òun, etí rẹ̀ sì ń gbóná. Adúmáadán rọra wí pé, "Ó tán. Kò níyàwó níbòmíì," obìnrin náà gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo fà á jáde," ló wí. "Olúwa mi, mo fà á jáde báyìí."

Adájọ́ kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ṣí ìwé òfin, ó wá a síwájú, ó wá a sẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bá dá nǹkan dúró lè fà á jáde, ṣùgbọ́n nínú ìwé ni, ìwé náà á sì wà lára ilẹ̀kùn kóòtù fún ọjọ́ méje, torí ẹlòmíì lè wà tó gbára lé ìdádúró náà tí kò fi kọ tirẹ̀.

"Ọjọ́ méje? Olúwa mi, ọjọ́ méjì ló kù fún awọ! Ẹ ṣí i fún mi kí n kó awọ kúrò nínú eérú, kẹ́ ẹ tún un tì. Ẹ jẹ́ kí akódà dúró tì mí."

"Mi ò lágbára láti ṣí i. Àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ."

"Ta ló wá ni ọgbà náà lónìí?"

"Lónìí, kò tíì sẹ́ni tó ni ín."

Ohùn kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló wá ni òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Níta, Adúmáadán ti ń di gàárì mọ́ ẹṣin. Àwọn èrò ti wà ní ìrìn ọjọ́ méjì sí ìlú. Ogun ti ń súnmọ́ ọ̀nà, Olórí Èrò sì ti ránṣẹ́ wá pé òun ò ní sùn níbì kankan ju òru kan lọ.

"Màá bá a lọ́nà," ló wí. "Màá bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè wá. Bí awọ màlúù bá ti lọ, a máa wá òmíràn, a máa ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé ọgbà ṣì wà."

"Ẹ jẹ́ kó kọjá lọ, Adúmáadán. Ọ̀nà ò dáa."

"Ìyàwó wa, èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé. Bí mi ò bá sáré lọ́jọ́ yẹn, akódà ò ní wá."

"Èmi náà ni mo dá yín dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ kí n kúrò níbí kó tó tún wá sí ọ lọ́kàn." Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ẹṣin, ó gba ọ̀nà àbùjá tó gba ẹ̀yìn òkè.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, Olórí Èrò dé pẹ̀lú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, eruku sì bo gbogbo wọn. Ó dúró lẹ́nu ọgbà, ó gbọ́ òórùn, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà bi í pé Adúmáadán ńkọ́. Ó ní ẹnì kankan kò wá bá òun lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun gba ẹ̀yìn òkè, ọ̀nà náà sì dí. Wọn kò rí ọkùnrin náà, wọn kò rí ẹṣin rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó dé kí ọ̀nà tó dí. Àwọn èrò kò gba ìlú yẹn mọ́ láti ọdún náà. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà, èyí tó jìnnà sí odò.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Lẹ́sẹẹsẹ fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé àṣẹ wá sí ọgbà. Akódà fọ́ èdìdì. Obìnrin náà wọlé nìkan. Ó mú ọ̀pá, ó tì í bọ kòtò àkọ́kọ́, ó rò ó wò. Nǹkan kan ò tẹ̀lé ọ̀pá gòkè. Ó lọ sí èkejì. Ó ń lọ láti kòtò dé kòtò títí ó fi yí gbogbo wọn po, ìwé àṣẹ náà ń bẹ lábẹ́ apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹ̀pẹ̀ dí wọn.

Ohun tó ṣòfò nìyí, bí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe kà á fún mi níbi tí ìwé wà nínú oòrùn: awọ màlúù mẹ́tàdínlógún. Awọ ewúrẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kòtò mẹ́rìndínlógún. Ẹṣin kan. Àbúrò ọkọ kan.